Àgò Irin Kíákíá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Wọ́n dá ọkọ̀ ìdíje Kíákíá, ọmọ mi, padà. Olùyẹ̀wò dé ní aago mẹ́sàn-án, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó wọ inú ọkọ̀ bí ẹni ń wọ yàrá àlejò, ó sì lo wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú àgò irin, páìpù tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí mo fi oṣù méjì ṣe. Ó ní dígí kékeré kan lórí ọ̀pá, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín máa ń lò. Ó ń tì í bọ ẹ̀yìn páìpù kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kíákíá ń rìn yí ọkọ̀ ká, ó ń họ ọrùn.

Nígbà tó jáde, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ jó o?"

Mo ní èmi ni.

"Ó dùn ún wò o. Kí ló wá dé tí ẹ fi lọ gbogbo ojú ìjó rẹ̀ dànù?"

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe géètì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé géètì tí a bá ṣì ń rí ojú ibi tí a ti jó o, jórinjórin rẹ̀ kò tíì ṣetán. Tí mo bá jó irin tán, màá fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí ìka kò fi ní mọ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ohun tí àwọn oníbàárà fi ń yìn mí nìyẹn. Àṣé ohun tí wọ́n fi ń yìn mí ni wọ́n máa fi bú mi lọ́jọ́ kan. Olùyẹ̀wò ṣí ìwé òfin tuntun, ó fi ìka tọ́ka sí i: ohun tí mo lọ̀ dànù yẹn gan-an ni agbára irin. Ojú ìjó gbọ́dọ̀ hàn, ó sì gbọ́dọ̀ yí páìpù po láìfi ibì kankan sílẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ irin méjì tó dábùú ara wọn ní ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹyọ kan kò tó mọ́.

Yóò padà wá lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ìdíje àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin. Ọ̀gá Táyà, tó ń fún Kíákíá ní táyà àti epo, ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ti rí ẹlòmíì tó máa lo táyà òun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Mo gé irin ilẹ̀kùn jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn oríkèé, ibi tí páìpù ti pàdé páìpù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn mí. Kò sí jórinjórin tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ tó dán.

Kíákíá gbé tíì wá fún mi, ó jókòó sórí táyà. Mo ní kó lọ sinmi. Ó ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ rí mi tí mo sinmi?" Òótọ́ ni. Kí agbẹ̀bí tó fọ ọwọ́ tán lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó ti dé. Ibẹ̀ ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Jẹ́jẹ́ yà kí wa. Nínú gbogbo wọn tó ń sáré, kò sí èyí tó yára tó o, ohun tó sì fi ń jẹ́ Jẹ́jẹ́ ni pé tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìgbín máa fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Èmi ni mo ṣe àgò tirẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ Kíákíá, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá. Èyí tí ẹ ṣe fún mi, bí mo bá wà nínú rẹ̀, ó dà bí pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi." Ó ní ti òun kò ní dé iwájú Oní-dígí, orúkọ tí wọ́n ń pe olùyẹ̀wò náà, títí di ìparí ọdún, torí ìwé òun ọdún tó kọjá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo ní ṣé kí n bu omi fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Páìpù tún gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló fà á. Kò sí nǹkan tí ọkọ̀ ojú omi kì í fà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo tẹ páìpù kan, ó ká níkùn bí apá aṣọ. Mo ju ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ èkejì, ó tún ká. Mo ti ń bínú sí ẹ̀rọ nígbà tí Kíákíá ní kí n fi iyanrìn kún inú ẹ̀kẹta kí n dí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó tẹ̀ láìká. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án."

Mo ti gbàgbé. Àgbà ti dé.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Irin ilẹ̀kùn ti wọlé, méjèèjì dábùú ara wọn. N kò lọ̀ ọ́. Ojú ìjó to ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Mo wò ó títí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi ń yún mi sí ẹ̀rọ ìlọrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Gbogbo oríkèé ti parí àfi méjì. Àwọn méjì tó wà lókè, lórí awakọ̀, níbi tí páìpù iwájú ti pàdé ti òrùlé. Wọ́n fara mọ́ páànù òrùlé débi pé ọwọ́ mi kò lè kọjá sókè wọn. Mo jó ìsàlẹ̀, mo jó ẹ̀gbẹ́. Òkè kò ṣeé dé. Dígí Oní-dígí máa wọ ibẹ̀, iná mi kò ní wọ ibẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. N kò jó òkè yẹn nígbà àkọ́kọ́ náà. Mo fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ dí i, mo lọ̀ ọ́, mo kùn ún lọ́dà. Nínú iṣẹ́ géètì, ẹ̀yìn irin tó bá kọjú sí ògiri, ta ló ń jó o? Ẹnikẹ́ni kì í lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Ògiri ló ń gbé e dúró.

Ọkọ̀ kò ní ògiri.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo gbìyànjú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Mo dùbúlẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí dúró. Iná jó mi létí. Ọjọ́ méjì ló kù. Kíákíá ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ń lọ sí pápá láràárọ̀ láti fi ẹsẹ̀ wọn ojú ọ̀nà, ó sì ti ya gbogbo kọ́nà rẹ̀ sára ògiri yàrá rẹ̀.

Mo po pọ́tì. Mo fi í sí òkè oríkèé méjèèjì, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tíì ìyá rẹ̀ tò ó ní ìpẹ́ ìpẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, títí tó fi jọ ojú ìjó. Mo kùn ún. Mo fọ ṣíbí náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dá a padà sí ilé ìdáná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó yege. Olùyẹ̀wò bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti dígí rẹ̀ bọ ibi gbogbo, ó fi ẹ̀rọ kékeré wọn nínípọn páìpù, ó sì lẹ sítíkà mọ́ irin ẹ̀yìn awakọ̀ níbi tí gbogbo ayé á ti máa rí i. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín dáa. Pàápàá àwọn oríkèé òkè yẹn, ibẹ̀ ló máa ń le jù, ibẹ̀ lẹ sì ti ṣe é dáa jù."

Kíákíá gbá mi mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi légungun. Mo ní kó rọra. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wo ojú mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

N kò lè jẹun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Ìyá Kíákíá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ eré, kò fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ náà rí. Lónìí, ó ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, òun fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun ń jókòó sí.

Aránṣọ ni. Àwọn aránṣọ kì í wo nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó di ìdè mọ́ra, ó bi mí pé kí ni èyí, kí ni tọ̀hún. Ó nawọ́ sókè kó lè di irin mú, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọlé. Ó wo funfun tó wà lábẹ́ èékánná náà.

"Bàbá Kíákíá, ṣé irin máa ń gba èékánná ni?"

Mo ní ọ̀dà ni, kò tíì gbẹ dáadáa.

Abẹ́rẹ́ kan kì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Ó fà á yọ, ó gún un sí òkè oríkèé náà, abẹ́rẹ́ sì wọlé tó bí ìdajì. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó dúró. A jọ ń wò ó.

"Nínú iṣẹ́ tiwa," ó ní, "tí a bá ṣì fi abẹ́rẹ́ lásán gún aṣọ mú, a kì í gbé e fún ẹni tó ni ín pé kó wọ̀ ọ́ jáde. A máa ń rán an ni. Ẹni tó sì fẹ́ wọ eléyìí, inú mi ló ti jáde."

Kò pariwo. Ó fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ yọ, ó nù ún, ó dá a padà sáyà, ó sì lọ sílé lọ parí aṣọ oníbàárà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Mo gé e. Kí ọkàn mi má bàa yí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aago méje àárọ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ, mo gé páìpù òrùlé ní oríkèé méjèèjì. N kò fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn tí sítíkà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sítíkà ti kú láti ìgbà tí mo ti gé ti iwájú.

Kíákíá dé ní aago mẹ́jọ pẹ̀lú akoto rẹ̀ lápá. Ó dúró. Ó wo irin, ó wò mí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

Mo gbé oríkèé tí mo gé lé e lọ́wọ́. Mo ní kó fi ìka sí òkè rẹ̀. Pọ́tì náà ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ bí bísíkíìtì. Ó fi ìka rẹ̀ tọ àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ síwá, lọ sẹ́yìn.

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí mo gbá yín mọ́ra?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó gbé irin náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ì bá jẹ́ pé ó jù ú lù mí, ì bá sàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kíákíá ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé kí a má bàa pàdé ní pálọ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, ó ń bò ó, ó ń lọ.

Ọ̀gá Táyà ti gbọ́. Ó rán ọkọ̀ wá kó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Kíákíá wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti pe olùyẹ̀wò lórí fóònù, òun sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ó ní kí ló dé tí ẹ ò béèrè. Ó ní ilẹ̀ ọkọ̀ la máa ń gé. A máa gé ihò sábẹ́ ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á rì wálẹ̀, òkè rẹ̀ á wá kúrò lára òrùlé. Tí a bá jó o tán, a máa gbé e sókè padà, a máa jó irin pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo jókòó. Ìbéèrè ẹyọ kan ni. N kò bi í nítorí n kò fẹ́ kí ọkùnrin tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ mọ̀ pé ohun kan wà tí mi ò mọ̀ nípa irin. Inú ìgbéraga mi ni mo fẹ́ fi ọmọ mi sí, tí mo fẹ́ fi ìdè dì í mọ́ ọn.

Mo sọ ọ́ fún un báyẹn. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ń bínú, ṣùgbọ́n a lè máa ṣiṣẹ́ lọ.

Olùyẹ̀wò kò ní àyè àfi ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ìdíje àkọ́kọ́ ti lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ihò mẹ́fà. Àgò náà rì wálẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan. Mo fi ọwọ́ mi kọjá lókè oríkèé náà, mo tún fi kọjá. Gbogbo ìyà tí mo jẹ, ìbú ọwọ́ kan ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo jó o yí po. Kíákíá di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Nígbà tó tutù, ó mú abẹ́rẹ́ kan láti inú àpótí ìyá rẹ̀, ó gún oríkèé méjèèjì yíká. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ, mo rí eyín rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, ọkọ̀ ta ni ẹ tún ṣe báyìí fún?"

Mo ń ká wáyà. Mo ń bá a lọ láti ká a.

"Bàbá."

"Ẹyọ kan," ni mo wí. "Ti Jẹ́jẹ́."

Ó ní, "Ọ̀túnla ló máa sáré."

Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹjọ oṣù tó kọjá, nígbà tó na ọwọ́ lé òrùlé tó ń yìn mí. N kò kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ náà torí ohun tí èèyàn bá kọ, ó ti di dandan kó ṣe é. Mo ní bí mo bá sọ èyí níta, kò sí ẹni tó máa gbé géètì wá fún mi mọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ sílé Jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti gbé ọkọ̀ lọ sí pápá láti àná, ó ti pa fóònù bó ṣe máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò wọ pápá lọ́jọ́ tó ṣáájú eré. Ó gbé àga fún mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń fi páálí ṣe ọkọ̀ ní kọ́rídọ̀. N kò lè jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Kí a tó kúrò nílé, Ìyá Kíákíá, tí ọmọ rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún, yọ abẹ́rẹ́ láyà aṣọ rẹ̀, ó fi há kọ́là mi. Ó ní, "Ẹ rọra wakọ̀." Kíákíá ló wakọ̀.

Ibodè pápá kò jẹ́ kí a tètè wọlé. Nígbà tí a fi máa dé ìlà, Jẹ́jẹ́ ti wà nínú ọkọ̀, ó ti di ìdè, ó ti dé akoto, ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ó rí mi, ó gbé àtàǹpàkò sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀, mo pariwo kó lè gbọ́.

"Pa á. Àgò tí mo ṣe fún ọ kò pé. N kò jó òkè rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọdún méjì ni mo ti ń fi í sáré. Ẹ jẹ́ kí n sáré tòní ná, ká tó sọ̀rọ̀."

"Ọlọ́run ló ń gbé e dúró, kì í ṣe èmi."

Ọ̀gá Táyà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́kánííkì wà níbẹ̀, àti àwọn oníbàárà mi méjì tí mo ṣe géètì fún. Gbogbo wọn ti yíjú sí wa. Olùyẹ̀wò náà ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ ní kọ́là mi, mo na ọwọ́ kọjá lórí ọmọ náà, mo gún un sí òkè oríkèé tó wà lókè orí rẹ̀. Ó wọlé. Mo fi sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́ gbé ojú sókè wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn.

N kò rántí bí mo ṣe rìn padà. Kíákíá ló di apá mi mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Oníbàárà mẹ́ta ti wá gba irin wọn padà láì tíì ṣe. Ìkẹrin ní kí n wá fi òòlù lu géètì òun lójú òun. Mo lọ. Mo lù ú. Ó dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, mo sọ fún un pé n kò jó o. Màá padà lọ jó o lọ́la, lẹ́yìn tí olùyẹ̀wò bá ti wo ọkọ̀ Kíákíá.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó tì í wọlé fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo wo abẹ́ rẹ̀: ó ti gé ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i kó tó kúrò nílé, kí n lè jó òkè àgò náà, ojú irin náà ṣì ń dán.

Kò kí mi. Èmi ni mo kí i.